Ohùn Tèmi, Ìtàn Tiwọn

Ẹni tó bá ń kàwé sókè fún àwọn tí kò ríran kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fi kọ́ obìnrin náà nìyẹn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síwájú makirofóònù ní ilé-ìkàwé àwọn afọ́jú. Ọ̀gá fúnra wọn kò ríran láti kékeré, àwọn sì ni olórí ilé náà. "Má bá wa sunkún," ni wọ́n wí. "Bí o bá dé ibi ẹkún, kà á bí ó ṣe wà, kí o sì dákẹ́ díẹ̀. Àwa fúnra wa la máa sunkún tiwa. A ò bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀."

Yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ kò tóbi ju ilé ìdáná lọ. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ògiri rẹ̀, wọ́n sì fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé. Ooru inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òwúrọ̀ ni obìnrin náà máa ń wọ ibẹ̀, òun àti ife omi gbígbóná rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́. Nítorí èyí làwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe ń pè é ní Ohùn-Àárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá kí wọn lójú títì, wọn a dúró, wọn a yí orí síbi tí ohùn ti wá, ojú wọn a sì tàn bí ojú ẹni tó bá ẹbí rẹ̀ pàdé lájò.

Nínú gbogbo ìwé tó ti kà fún wọn, èyí tó wọ̀ wọ́n lára jù ni ìwé Bàbá Olùkọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá yìí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni. Àìsàn mú un, ó kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba gbogbo rẹ̀. Bàbá wá jókòó, wọ́n kọ ìtàn ọmọ náà, láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ògiri títí dé ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde nílé. Nígbà tí Ọ̀gá lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a kà á sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí kò ríran, wọn ò jiyàn. Wọ́n ní nítorí ọmọ náà, kí a kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ìlérí lọ́wọ́ Ọ̀gá: etí àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu nìkan ni kó mọ. Kò gbọdọ̀ dé ọjà, kò gbọdọ̀ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́.

"Ara ọmọ mi ni," ni wọ́n wí. "A kì í gé òkú pín."

Ohùn-Àárọ̀ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú orí tó gbẹ̀yìn, ọmọ náà ń bi bàbá rẹ̀ léèrè pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, bàbá sì ń purọ́ fún un pé kò tíì mọ́, kó lè sùn sí i. Oòrùn sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà kà á bí ó ṣe wà, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé títí omi inú ife rẹ̀ fi tutù.

Ó wà lẹ́nu ìwé mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Iná pupa kan wà lókè ilẹ̀kùn yàrá náà, bó bá sì ti tàn, kò sẹ́ni tó jẹ́ kanlẹ̀kùn nínú ilé yẹn. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé bí kò bá jẹ́ àlejò, àjálù ni. Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì ni. Bàbá Olùkọ́ dúró níwájú, Ọ̀gá dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n di ọ̀pá funfun wọn mú bí ẹni tí ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Mo lọ gẹ irun lánàá."

Ohùn-Àárọ̀ gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń wò wọ́n.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tó ń retí kó kàn án. Ó ń fi fóònù rẹ̀ gbọ́ nǹkan. Mo gbọ́ ohùn rẹ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní, hẹ̀n, ọmọ yìí ní ẹni tí kò ríran nílé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé dùùrù wà lábẹ́ ohùn rẹ. Wọ́n ń tẹ dùùrù sí i. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ mi ti ń bi mí pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n gbé orin náà sókè. Ó parí. Onígbàjámọ̀ ní, 'Áà, obìnrin yìí mọ ohùn ún lò. Tún un gbé sí i.' Wọ́n tún un gbé sí i."

"Ẹ ò sọ fún wọn, sà?"

"Kí ni kí n sọ? Wọn ò dárúkọ mi níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ìwé. Bí mo bá ní ọmọ mi lẹ fi ń gbádùn ara yín yìí, wọ́n á ní bàbá yìí ti ń ṣarán."

Wọ́n ṣí fìlà orí wọn láti nu òógùn, Ohùn-Àárọ̀ sì rí i. Apá ọ̀tún orí wọn dán, apá òsì kún fún ewú. Wọ́n ti dìde kúrò lórí àga láì jẹ́ kí onígbàjámọ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò sì tíì rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan bá wọn parí rẹ̀.

"Ta ni o fún?" ni wọ́n bi í.

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni, sà. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbí nìkan ni..." Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó rántí Ìyá rẹ̀. Ojú Ìyá ti ń ṣú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Ọ̀gá fúnra wọn ló sì ní kí ó fi ìwé náà sínú fóònù Ìyá bíi ti àwọn yòókù. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù Ìyá kò dún dáadáa mọ́ nígbà kan, ẹni tó sì ń tún fóònù ṣe nínú ẹbí wọn, àbúrò rẹ̀ ni.

Bàbá rí ojú rẹ̀, wọn ò sì tún bi í mọ́. "N ó fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí," ni wọ́n wí fún Ọ̀gá. "Bí n kò bá rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa yanjú, n ó gba ìwé mi kúrò nílé yìí. Ẹ ó pa á rẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín náà, ẹ ó gbà á."

Wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ. Ọ̀gá dúró títí ìró ẹsẹ̀ wọn fi tán lórí àtẹ̀gùn.

"Ó lágbára o," ni Ọ̀gá wí. "Ìwé tiwọn nìkan kọ́. Àwọn òǹkọ̀wé yòókù máa gbọ́. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́?"

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò Ohùn-Àárọ̀ kò gbà ju tábìlì kan àti àga méjì lọ. Àwókù fóònù kún inú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kọ̀ǹpútà kan sì wà lórí rẹ̀ tí fíìmù àti orin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí o bá gbé mẹ́mórì kádì rẹ wá, á bi ọ́ pé ṣé ti ìjà lo fẹ́ ni àbí ti ìfẹ́, á sì rọ ọ́ kún un fún ọ. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ń dá ìyá àgbàlagbà kan lóhùn.

"Dókítà, fóònù mi ò gbọ́ràn mọ́."

"Ṣé ẹ ti bá a wí, mà?"

"Mo ti gbá a létí pàápàá."

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́." Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Olókìkí! Ẹ ti gbọ́ ara yín láàárín ìlú?"

Ohùn-Àárọ̀ dúró kí ìyá àgbàlagbà náà kọ́kọ́ jáde. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni o! Ìyá gbé fóònù wá, mo ṣí i kí n wò ó bóyá ó ti ń dún, ohùn yín ló jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi, àwọn náà fi ránṣẹ́ sí tiwọn. Wọ́n ń wá síbí wá bèèrè pé, 'Dókítà, ibo ni ti obìnrin ẹlẹ́kún yẹn?'"

"O gé e."

"Ó gùn. Fóònù ò ní sùúrù. Ẹ̀yin ẹ tún kọ́kọ́ ń sọ pé lágbájá ló kọ ọ́, ti àwọn afọ́jú ni, ẹnikẹ́ni má ṣe báyìí, ẹnikẹ́ni má ṣe báyẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Mo yọ ọ́. Mo mú ibi tó dùn, mo fi dùùrù sí i."

"Ibi tó dùn?"

"Ibi ẹkún. Òun ni wọ́n ń fẹ́."

Ohùn-Àárọ̀ jókòó sórí àga kejì. Nínú kọ̀ǹpútà, orin kan ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Àṣẹ wo? Ohùn ta ni? Ṣé kì í ṣe ohùn yín ni? Ohun tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ilé wa ni. Mi ò sì tà á. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ohùn tèmi, ìtàn tiwọn. Ẹni tó jí aṣọ tó sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ṣé kì í ṣe olè ni?"

"Olè? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi?" Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ káàkiri bí ẹni pé ó fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́rìí, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára kọ̀ǹpútà. Ó yára gbójú kúrò. Ohùn-Àárọ̀ náà gbójú kúrò. Ó ti pẹ́ tó ti mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, fíìmù tí àbúrò rẹ̀ kò yà àti orin tí kò kọ. Kò bá a wí rí, torí ibẹ̀ lowó oògùn ojú Ìyá ti ń wá. Ọlọ́run tó ń wo ọkàn mọ̀ pé òun náà ti jẹ nínú rẹ̀.

"Ṣé kì í kàn ṣe ìtàn àròsọ ni?" ni àbúrò rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo rò pé wọ́n kàn rò ó ni."

"Ọmọ wọn ni."

"Ọmọ tí wọ́n bí?"

"Tí wọ́n bí, tí wọ́n sì sin. Wọ́n wà lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, ìwọ àti dùùrù rẹ."

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́, ó pa orin tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pa á rẹ́ níbi tó wà, ó ń pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mo ti pa tèmi rẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tí n kò mọ̀ ńkọ́?"

Ẹyin lohùn, àwọn méjèèjì sì ti mọ ìyókù.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ sílé Ìyá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sọ ọ́. Ìyá jókòó, wọ́n ń fi ìka pa ìdí fóònù wọn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Èmi ni mo sọ fún un pé, 'Gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ.' Ìgbéraga mi wà níbẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín, mà."

"Má bá mi pín ẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ lọ bá bàbá náà. Èmi á wà níbí, n ó máa gbàdúrà. Ìyẹn ò gba ojú."

Kí wọ́n tó lọ bá Bàbá, Ohùn-Àárọ̀ mú àbúrò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá fi gbórí sókè. "Mo ti rí ọ, Dókítà."

"Ẹ rí mi, sà?"

"Aṣọ rẹ ń rùn lẹ́ẹ̀dì tí ẹ fi ń jó wáyà. Jókòó." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Gbọ́. Bí ènìyàn bá fi orí ara rẹ̀ kọ nǹkan, òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́. Kò dìgbà tó bá lu òǹtẹ̀ sí i. Òun ló lè ní kí a dà á kọ, òun ló lè ní kí a kà á síta, òun ló lè ní kí a gé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀tọ́ lórí ohùn tó fi kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ayálégbé ni: bẹ́ẹ̀dì lè jẹ́ tirẹ̀, kò lè ta ilé."

"Ṣùgbọ́n, sà, àwọn orin kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí i pé kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Dùùrù tí mo fi sí i gan-an, irú rẹ̀ ni. Mo rò pé bí nǹkan bá ti dé orí fóònù, bákan náà ni gbogbo wọn."

"Oníṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí o wọlé, ó sì sọ ohun tí o lè gbé àti ohun tí o kò gbọdọ̀ gbé. Àṣẹ ọ̀fẹ́ nìyẹn, òfin mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn tí onílé ṣí àti ilẹ̀kùn tí o já, atẹ́gùn kan náà ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀kan, onílé lò ń kí. Ní èkejì, onílé lò ń sá fún."

Dókítà tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wá sọ èrò ọkàn wọn. Wọ́n ní bóyá kí wọ́n bẹ Bàbá kí àwọn náà ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, kí odindi ìwé náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ wọn, kó lè lé àjákù náà bá, kó sì borí rẹ̀. Ó dára létí Ohùn-Àárọ̀. Ó rò pé ọ̀nà àbáyọ nìyẹn.

Yàrá ìgbàlejò Bàbá Olùkọ́ mọ́ tónítóní bí kíláàsì tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Páálí ìwé tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Fìlà wà lórí Bàbá nínú ilé. Àwọn mẹ́ta tó wá náà jókòó, ṣùgbọ́n Dókítà kò lè jókòó pẹ́, ó dìde.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo gé e. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Mo rò pé ìtàn ni."

"Ìtàn ni," ni Bàbá wí. "Ìtàn ọmọ mi."

"Ẹ dárí jì mí, sà."

Bàbá wò ó títí. "Mo ti jẹ́ tíṣà. Ọmọ tó ṣẹ̀ tó wá fúnra rẹ̀, mi ò nà án rí. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò lè mú ohun tó ti jáde padà wálé."

Ọ̀gá wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

"Rárá. Ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ wọ̀, ṣé kó wá bọ́ sójú títì kó máa kéde pé òun ló fi ta á lọ́rẹ, kí ojú má baà ti ẹni tó jí i? Ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ di ẹ̀bùn. Kì í ṣe ẹ̀bùn."

Ọ̀gá yí ọ̀pá wọn lọ́wọ́. Ohùn-Àárọ̀ mọ̀ pé Bàbá ti fẹ́ ní kí wọ́n pa ìwé náà rẹ́, ohun tí àwọn wá bẹ̀ pé kó má ṣẹlẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," ni ó wí. "Bí ẹ bá ní kí a pa á rẹ́, mo máa pa á rẹ́ fúnra mi. Mi ò ní bẹ̀ yín. Ohun kan ni mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó ṣe é. Àwọn èèyàn wa kì í bèèrè orí tó gbẹ̀yìn."

"Kí ni wọ́n ń bèèrè?"

"Ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ka ìwé alámì. Ọjọ́ tí ìka rẹ̀ kọ́kọ́ rí orúkọ ara rẹ̀ lórí bébà."

Bàbá gbé ọwọ́ lé fìlà orí wọn.

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí n tún kà fún àwọn. Ìyá kan wà tí ojú rẹ̀ fọ́ lágbà, tó ti ní òun ò kọ́ nǹkan kan mọ́ láyé òun. Ó gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó ní, 'Bàbá, èmi rè é! Mo wà níbí!' Ìyá náà ní kí wọ́n bá òun gbé ìwé alámì wá. Ó ti ń kà báyìí. Ó máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni ọmọ yín. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé."

Bàbá Olùkọ́ ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Ẹnì kan ti bá wọn fá ìyókù irun náà, kò sì dọ́gba. Ó jọ pé àwọn fúnra wọn ni. "Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́," ni wọ́n wí. "Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Èmi fúnra mi ti gbàgbé. Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yẹn, ikú ló ń bá mi sọ. Wọ́n á dì mọ́ mi, wọ́n á máa sunkún sí mi léjìká. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́ ju bí ó ṣe kú lọ."

Bàbá dé fìlà wọn padà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí Ọ̀gá, ohùn tíṣà ti padà sí wọn lẹ́nu. "Ilẹ̀kùn tí ẹ sọ yẹn. Ṣé dandan ni kó jẹ́ gbogbo ilé? Ṣé mo lè ṣí yàrá kan?"

"Ẹ lè ṣí èyí tó bá wù yín, sà."

"Orí yẹn. Orí ẹ̀rín. Ìyẹn ni mo fún wọn. Kí wọ́n dárúkọ ọmọ náà, kí wọ́n dárúkọ mi. Kí wọ́n má gé e. Kí wọ́n má fi dùùrù sí i."

"Ṣé wọ́n lè tà á?" ni Ọ̀gá bi wọ́n.

"Rárá o."

"Bí ẹnì kan bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn ńkọ́?"

Bàbá ronú sí i. "Ọmọ mi fẹ́ràn èdè. Kó máa sọ gbogbo wọn."

Ọ̀gá ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù wọn, fóònù náà sì ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan padà wéréwéré bí ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n dáwọ́ dúró. "Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, sà. Bó bá ti jáde báyìí, kò ṣeé gbà padà. Ẹni tó bá ti gbà á lábẹ́ àṣẹ yìí, tirẹ̀ ni láti lò títí ayé, bí ẹ bá tilẹ̀ kábàámọ̀."

"Mo gbọ́. Ẹ̀bùn tí a so okùn mọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn." Wọ́n nawọ́ sí Ohùn-Àárọ̀. "Ìyókù ìwé náà, kó wà níbi tó wà, lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín. Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń kàwé. Ìwọ, Dókítà."

"Sà."

"Àwọn tí o mọ̀ pé o fi àjákù yẹn ránṣẹ́ sí, lọ bá wọn. Má fi fóònù sọ ọ́. Fi ẹsẹ̀ rìn, fi ẹnu sọ ọ́, lójú wọn. Sọ fún wọn pé ọmọ kan ni, ó sì ní bàbá. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀."

Dókítà rìn ín. Onígbàjámọ̀ pa á rẹ́ lójú rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Bàbá pé kí wọ́n wá jẹ́ kí òun tún orí wọn ṣe. Àwọn mìíràn fi í rẹ́rìn-ín pé Dókítà ti di oníwàásù. Àwọn kan pa á rẹ́, àwọn kan ní àwọn ti pa á rẹ́, kò sì ṣeé mọ̀. Ní ọjọ́ kan ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yọ gbogbo fíìmù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dànù, ó ní títún fóònù ṣe nìkan lòun á máa ṣe. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Oògùn Ìyá ńkọ́?" Ohùn-Àárọ̀ ní, "A ó jọ wá a." Kò mọ ibi tí wọ́n máa ti wá a. Ó kàn mọ̀ pé wọ́n á jọ ni.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ó mú Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn nínú gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń retí. Ó gbọ́ dùùrù. Lẹ́yìn rẹ̀ ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ń bèèrè pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́.

Obìnrin kan ló jókòó sídìí bẹ́ǹṣì náà lọ́hùn-ún, ó gbé fóònù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ìró. Aṣọ ọmọdé kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà ọmọ náà wà lórí aṣọ náà. Ọmọ tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ "Ẹ Má Wọlé" sí.

Ohùn-Àárọ̀ dìde. Láti ilé ló ti ń ro ohun tí òun á sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí òun bá pàdé rẹ̀, ó sì ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bíi Ọ̀gá: ẹ̀tọ́, àṣẹ, òfin. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó jókòó tì í.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ó ní bàbá. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́, wọ́n wà láyé. Wọn ò yọ̀ǹda èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹnì kan ló jí i gé."

Obìnrin náà gbé ojú sókè, ojú tó pọ́n. "Ó ń tù mí nínú," ni ó wí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n jí i."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Òmíràn wà tí bàbá rẹ̀ fún wa. Wọ́n fi ẹnu ara wọn fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi í ránṣẹ́ sí yín. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú ìyẹn."

"Ó ń rẹ́rìn-ín? Ọmọ yìí?"

"Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́."

Obìnrin náà wo aṣọ ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na fóònù rẹ̀ sí i. Ohùn-Àárọ̀ gbé orí ẹ̀rín náà sínú rẹ̀, ó sì ní, "Bí ẹ bá gbọ́ èyí tán, ẹ bá mi pa ti dùùrù yẹn rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà." Obìnrin náà mi orí pé ó ti gbọ́. Ó gbé fóònù sí etí.

Láti apá kejì gbọ̀ngàn, wọ́n ń pe Ìyá. Ohùn-Àárọ̀ dá wọn lóhùn pé àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dìde. Ó mọ ibi tí ẹ̀rín náà wà nínú orí náà dáadáa, kò sì jìnnà mọ́. Ó ń wo ojú obìnrin náà, ó ń dúró dè é.